Igi Tí Ọlọ́dà Fẹ́ Fojú Rí

Mi ò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Bí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, mo ti mọ ibi tó ń lọ, mo sì ti dìde kó tó débẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín sùúrù, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó sí, mi ò lọ gba tèmi. Kò parọ́. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wa, ohun tí mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni kí n gé nǹkan kó gún. Òwú tó bá yọrí síta létí aṣọ, àfi bíi pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn oníbàárà fi sọ mí ní Gé-e-kó-gún, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára débi pé bí wọ́n bá pe èyí tí bàbá mi sọ mí, mo lè má dáhùn.

Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ má bàa rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi ló yá jù.

Ọkọ mi ní tiẹ̀, ilé kíkùn ni iṣẹ́ ẹ̀. Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí àwọ̀ tí o máa gbé wá tí kò ní po ọ̀dà tó bá a mu. O lè mú àfọ́kù àwo wá láti ilé ìyá rẹ, kó o ní irú èyí lo fẹ́ sára ògiri. Ó máa gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da agolo yìí sínú agolo yẹn. Kò ní ìwọ̀n, kò ní ìwé. Ojú ẹ̀ ló fi ń wọn gbogbo ẹ̀.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ló borí ẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin ṣì ń mu ọmú, opó kan pè é pé kó wá kun géètì òun. Opó yìí ní igi kan nínú àgbàlá, ó sì fẹ́ kí géètì náà ní àwọ̀ òdòdó igi yẹn gan-an. Òdòdó ti rẹ̀ tán lórí igi nígbà náà, ewé nìkan ló kù. Opó ń fẹnu júwe, ọkọ mi ń po ọ̀dà. Kì í ṣe búlúù. Kì í ṣe àlùkò. Ó fúyẹ́ jùyẹn lọ. Ẹ̀ẹ̀meje ló pò ó, ẹ̀ẹ̀meje lobìnrin náà mi orí. Níkẹyìn, funfun ni wọ́n kun géètì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí opó fi kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ta ilé, ẹni tó rà á gé igi dànù kó lè rí ibi gbé mọ́tò sí.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé lèyí, ọkọ mi ò gbàgbé. A lè máa jẹun lọ́wọ́ kó ṣàdédé ní, "Mo tún ti rò ó. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ aṣọ ni mo fi ń ronú, kì í ṣe àwọ̀ òdòdó." Mo máa dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹun jàre. Òkú ò bínú géètì." Ó máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò kúrò níkùn ẹ̀.

Ọdún tó pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kun yàrá kan tán, ló bá kó irinṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ni ilé bi í pé ṣé ó ń bọ̀ lọ́la wá parí ẹ̀. Ó ní ṣebí òun ti parí ẹ̀. Onílé náà fà á lọ́wọ́ lọ síwájú ògiri, ó fi igun kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn hàn án. Ọ̀dà ò kan ibẹ̀ rárá. Ọkọ mi wá sílé, ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, ó sì sọ fún mi pé ìríran òun ti ń dín kù láti ẹ̀gbẹ́.

Dókítà ojú tí a lọ bá kéré lọ́jọ́ orí sí ọmọ wa. Ó fi iná wo ojú ẹ̀, ó wọn ohun tó fẹ́ wọ̀n, ó wá fa àga sún mọ́ wa. "Bàbá, mi ò ní tàn yín," ló wí. "Èyí tó ti lọ nínú ìríran yín ò lè padà wá. Oògùn tí mo máa fún yín láti máa kán sí i, á jẹ́ kí èyí tó kù ṣe díẹ̀ sí i ni."

"Báwo ni díẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó?" ni ọkọ mi bi í.

"Ọdún mẹ́rin. Bí a bá ríre, márùn-ún."

A jáde. Oògùn tí dókítà kán sí i lójú jẹ́ kí oòrùn máa gún un, mo sì fi gèlè orí mi bo ojú ẹ̀ nínú mọ́tò. Mo rò pé ó ń sunkún lábẹ́ ẹ̀, mi ò fẹ́ wò ó. Ló bá sọ̀rọ̀ látinú gèlè náà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n ra iyọ̀ lọ́nà, ó ní, "Mo fẹ́ rí òdòdó yẹn kí ojú mi tó lọ. Òun nìkan ni mo fẹ́ rí."

Ọmọ wa ti fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù nígbà kan rí, ọkọ mi kàn dá a padà ni. Ó ní fóònù méjì kì í fi àwọ̀ kan náà hàn, irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Nítorí náà mo ní kí awakọ̀ yà wá sí ọgbà bàbá kan tó ń ta ọmọ igi, tí a máa ń rí lójú ọ̀nà. Bàbá Onígi ni mo máa ń pè é. Ọkọ mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú oòrùn, èmi nìkan ni mo wọlé.

Mo júwe igi náà, Bàbá Onígi sì mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọmọ ẹ̀ kan jáde nínú ọ̀rá, ewé mẹ́rin péré ló wà lórí ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ibi tí èyí tó ti dàgbà wà nítòsí, àmọ́ kò sí igi tó ń yára dàgbà bí èyí. Ó ní, "Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ń bà lé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, tí ewé ẹ̀ bá ti wọ́, ẹ gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Á tún rú jáde, èyí tó máa jáde lẹ́ẹ̀kejì á lágbára, á sì gún. Ní ọdún kẹta sí ìkẹrin, ẹ máa rí òdòdó. Àmọ́ o, Ìyá, lẹ́yìn ìyẹn..."

Mo ti gbé ọ̀rá náà mọ́ àyà. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkọ mi wà nínú ooru."

"Ẹ dúró, ẹ gbọ́ ìyókù."

"Mo ti gbọ́," ni mo sọ, mo sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

A gbìn ín sí àgbàlá, níbi tí fèrèsé yàrá tí mo ti ń ránṣọ kọjú sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo gé e mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ. Ọkọ mi ò lè wò ó, ó wọlé lọ. Àmọ́ nígbà tí òjò padà, ohun tó jáde látinú kùkùté yẹn, ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wá. Ewé ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ lọ. Láàárín oṣù méjì ó ti ga ju fèrèsé, kí òjò tó tán ó ti ń wo orí òrùlé. Àràárọ̀ ni ọkọ mi ń lọ dúró tì í, tó ń fi ọwọ́ wọn bó ṣe ga tó sí lára ara ẹ̀, títí ọwọ́ ẹ̀ ò fi tó o mọ́. Mo sọ fún un pé ká ní bí ọmọ wa ṣe dàgbà nìyí ni, bàtà nìkan ì bá ti sọ wá di aláìní. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ẹ̀gbẹ́ mú. Inú wa dùn lọ́dún yẹn, kí n má parọ́.

Ìyẹn ló kó sí mi lórí. Gígé ló mú kó dàgbà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ohun tó bá dára lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni wọ́n ń tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì mo gé ẹnu gbogbo ẹ̀ka ẹ̀ kó dọ́gba. Ní ìkẹta, nígbà tí ewé wọ́ tán, mo rí i pé nǹkan kan ti sù sí ẹnu ẹ̀ka: kóro kóro, àwọ̀ ilẹ̀, ó tó ẹ̀pà tí wọn ò tíì bó, ó nírun lára. Mo rò pé ẹyin kòkòrò ni, tàbí pé ẹnu ẹ̀ka ti kú. Mo gbé àkàbà tí ọkọ mi fi ń kun ilé síta, mo gùn ún pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ńlá tí mo ra fún igi náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ọkọ mi jáde wá. Ìgbà yẹn, ó ti di pé ó máa yí orí kó tó rí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Kí lò ń gé?"

"Ẹnu ẹ̀ka tó ti kú ni. Ó kún fún ìdọ̀tí."

"Má fọwọ́ kan ibi tó yè o."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan?"

Ó ní kí n má bínú, ọ̀gá ni mí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá kóro náà nínú ewé gbígbẹ, ó ń kó wọn sínú àpò. Ó ra ọ̀kan láàárín ìka, ó ní, "Ó ṣe múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán." Mo ní kó jù ú nù. Ó jù ú sínú àpò pẹ̀lú àwọn tó kù, ó sì fúnra ẹ̀ gbé àpò náà lọ síbi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òdòdó kankan ò yọ. Ọkọ mi ní ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, kóro náà tún jáde, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì tún gé gbogbo ẹ̀. Mo tún fi ayùn gé ẹ̀ka ńlá mélòó kan, títí kan èyí tó nípọn tó apá mi, tó ti ń bo fèrèsé mi. Òjò tún rọ̀. Ewé ló tún yọ, ewé ńláńlá tí kò wúlò fún wa. Ọkọ mi ti wá ń ríran bí ẹni tó ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wo inú yàrá. Lóròòwúrọ̀, á lọ dúró sábẹ́ igi, á gbé orí sókè, á máa yí ihò kékeré yẹn kiri lára igi, ẹ̀ka kan lẹ́yìn òmíràn. Tó bá wọlé, mi ò kì í bi í. Ojú ẹ̀ ti sọ ọ́.

Ní oṣù kejì òjò yẹn, inú bí mi. Mo wọ bàtà, mo lọ bá Bàbá Onígi. Mi ò kí i dáadáa. Mo ní, "Akọ igi lẹ tà fún wa. Ọkọ mi ń fọ́jú lọ, ẹ sì ta igi tí kò ní òdòdó fún un."

Arúgbó náà ò bínú. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó fún mi ní àga, ó ní, "Àwọn méjì tó ra tiwọn lọ́dún kan náà pẹ̀lú yín ti rí òdòdó, lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún yìí. Tọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán ni. Ìyá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé ẹ ò rí kóro kan ní ẹnu ẹ̀ka, tó nírun lára?"

Mo ní, "Mo rí i."

"Ìrudi nìyẹn. Inú ẹ̀ lòdòdó ń sùn sí láti ìparí òjò títí òjò mìíràn fi dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, pé lẹ́yìn gígé àkọ́kọ́, ẹ má fi irin kàn án mọ́." Ó wò mí. "Kí lẹ ṣe sí i?"

Mo dìde, mo rìn délé láìwọ mọ́tò. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń wo ọwọ́ mi ọ̀tún, ibi tí sísọ́ọ̀sì ti sọ àtàńpàkò mi di líle. Ọ̀tá kan ò wá sílé wa. Èmi tí mo ń ṣìkẹ́ igi náà ni mo ń pa á lọ́dọọdún.

Ọkọ mi gbọ́ ẹsẹ̀ mi. "Kí ló sọ?"

Tí mo bá ní òtítọ́ ò wá sí mi lẹ́nu, mo parọ́. Ó wá, mo gbé e mì. Mo ní, "Ó ní ká ṣe sùúrù."

"Ìwọ ni wọ́n ní kó o ṣe sùúrù," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ.

Oṣù márùn-ún ni mo fi gbé irọ́ náà káàkiri ilé. Mo ń rán aṣọ, mo ń tú u. Mo ń rò pé bí ìrudi bá ti yọ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, tí mi ò fọwọ́ kàn án, òdòdó á yọ, ọkọ mi á rí i, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Gbogbo ìrètí mi ni pé ojú ẹ̀ á dúró dè mí. Ìgbà tí òjò ń parí la padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó wo ojú náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì pa iná ẹ̀.

"Bàbá, ó ń yára ju bí mo ṣe rò lọ."

Ọkọ mi ní, "Igi mi máa yọ òdòdó nígbà òjò àkọ́kọ́. Ẹ ṣáà bá mi mú un débẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ná ọjà.

"Mi ò lè ṣèlérí ẹ̀, Bàbá."

Nígbà tí a délé, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó na ọwọ́ wá ife omi ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ọkọ mi, igi yẹn ti rudi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti rudi. Èmi ni mo gé e."

Ó fa ọwọ́ tó fi ń wá ife padà.

"Àwọn kóro tí ẹ kó sínú àpò yẹn, tí ẹ ní ó dà bí àrán. Òdòdó ni."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó na ìka wọn. "Èmi náà fọwọ́ mi kó o dànù," ló wí.

"Ẹ ò mọ̀."

"Ìwọ náà ò mọ̀." Ó yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. "Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. "Ọjọ́ tí mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onígi."

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn. O ní ó ní ká ṣe sùúrù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èyí tó o gé, àìmọ̀ ni. Mo lè fara mọ́ ọn," ló wí. Ohùn ẹ̀ ò ga. "Àmọ́ ojú mi ń lọ, ìwọ ló máa wá di ojú mi. Tí ojú mi bá ń parọ́ fún mi, ta ni mo fẹ́ bi?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ohun tó sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, kò bá mi jà, kò sì bá mi tàkúrọ̀sọ. "Omi." "Oògùn ojú." "Ẹ kú iṣẹ́." Ó ń sọ "ẹ" sí mi bíi pé mo jẹ́ oníbàárà tó wá gba aṣọ. Ọdún méjìdínlógójì la ti jọ ń gbé bíi tọkọtaya, mi ò mọ̀ pé ilé lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ewé igi wọ́, tí ìrudi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó gbé àga lọ sábẹ́ igi náà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti igi, ó kọjú sí ilẹ̀kùn mi. Àwọn ará àdúgbò rò pé atẹ́gùn ló ń gbà. Èmi mọ ohun tó ń ṣọ́. Mo fi sísọ́ọ̀sì ńlá yẹn tọrẹ fún ẹlòmíràn, mo sọ fún un pé mo ti fi tọrẹ, ó kàn mi orí ni.

Lójúmọ́ ọjọ́ kan, ó jí, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ló dé tí mi ò tíì ṣí fèrèsé. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Oòrùn wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Ọkọ mi, ó wà ní ṣíṣí." Ó gbé ọwọ́ sínú oòrùn náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó dáa," ló wí. Ó bi mí pé ìrudi ńkọ́. Mo lọ wò ó, mo padà wá sọ fún un pé kò tíì là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀.

Mo kọ́kọ́ rí i láti fèrèsé ibi tí mo ti ń ránṣọ, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ewé kan lórí igi, òdòdó nìkan ni. Ogójì ọdún ni mo fi ń fọwọ́ kan aṣọ olówó iyebíye, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Inú mi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ kó burẹ́wà.

Mo pe ọmọ wa lórí fóònù kí bàbá ẹ̀ tó jí. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Màámi, ẹ sọ fún wọn pé kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Pé òdòdó lásán ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òótọ́ yẹn ṣe báyìí? Ṣe ló máa pa wọ́n lára." Ọmọ gidi ni, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu mi: Ó yọ o, àmọ́ kò tó nǹkan, ó dà bí ewé tó ti pọ́n.

Ọkọ mi ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọwọ́ ẹ̀ wà lára férémù. "Mo ń gbọ́ òórùn kan," ló wí. "Ṣé ó ti là?"

"Ó ti là."

Mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí igi. Ó gbé ojú sókè bó ṣe máa ń ṣe. Òdòdó kan já bọ́ lé e lórí, ó mú un, ó fi ìka wá ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀. Ó ní, "Báwo ló ṣe rí?"

Irọ́ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi, ó ti ṣe tán. Mo wo ojú ẹ̀ tó gbé sókè sí ohun tí kò lè rí, mo sì rí i pé tí mo bá sọ ọ́, á gbà mí gbọ́. Ẹ̀rù á kúrò lọ́kàn mi, òun á sì wọlé lọ.

"Ó dára," ni mo wí. "Ó dára ju ohunkóhun tí mo tíì fojú rí lọ. Ìgbà méjì lẹ ì bá ti rí i, tí kì í bá ṣe tèmi. Ọmọ yín ní kí n sọ fún yín pé kò dára. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Omijé jáde lójú ẹ̀ méjèèjì, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn. Mi ò nù ún fún un, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. "Ó dùn mí," ló wí. "Mi ò ní bò ó fún ọ pé kò dùn mí."

Ó ní "ọ," kì í ṣe "yín." Mo gbọ́ ọ.

"Sọ ọ́ fún mi," ló wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹ̀."

Mo ní etí ẹ̀ dà bí aṣọ aró tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún méjìlá, tí oòrùn ti mu lára ẹ̀. Mo ní bó ṣe ń lọ sí ìdí, àlùkò ń wọ inú ẹ̀, àmọ́ kì í dé tán, ó kàn ń súnmọ́ ọn ni. Ó bi mí pé inú ọ̀fun ẹ̀ ńkọ́. Mo ní funfun ni, funfun tó gbóná díẹ̀, ìlà tín-tìn-tín wà nínú ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ fa aṣọ. Ó bi mí pé ṣé ìlà náà ṣú ju etí lọ. Mo gun àga, mo wò ó dáadáa, mo ní ó ṣú jù ú lọ. Ó mi orí, ètè ẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń po nǹkan lọ́kàn.

"Ṣé gbogbo orí ẹ̀ ló kún?"

"Rárá. Ibi tí mo ti gé àwọn ẹ̀ka ńlá, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ló rú jáde níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí wọn."

"Mú mi lọ sí ọ̀kan."

Mo mú un lọ síbi ẹ̀ka tí mo gé níwájú fèrèsé, mo gbé ọwọ́ ẹ̀ lé kùkùté náà. Ó tọ́ ọ yípo pẹ̀lú àtàńpàkò, ó tún tọ́ ọ yípo. Mo dúró tì í bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Èèpo ti ń ká wọ ojú ẹ̀," ló wí. "Kò tíì dí."

"Kò tíì dí," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi èkejì wá mi títí ó fi kan èjìká mi. "Padà sókè," ló wí. "Ẹ̀ka tó ga jù lọ, o ò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá. Oníbàárà kan wá, ó ń kan ilẹ̀kùn iwájú, ó ń pe orúkọ mi. Mi ò lọ ṣí i.